Ìyá Safwan àti Ẹran Inú Iyọ̀

Ní Akanran, bí èèyàn bá ń wá ìgbín ńlá rà, ilé Mùsílímátù, ìyá Safwan, là ń júwe fún un. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, àgbàlá kan náà la jọ ń gbé. Ìgbín ló fi rán Safwan níléèwé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, títí ọmọ fi di òṣìṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn. Kì í jẹ́ kí iyọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ àgọ́ ìgbín rẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé iyọ̀ lọ̀tá ìgbín? Bó bá kàn án, ṣe ni yóò máa hó bí ọṣẹ títí yóò fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, Safwan ní kí ìyá òun wá máa bá òun gbé ní Ọlọ́runṣògo, n'Íbàdàn. Inú gbogbo wa dùn. A ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mùsílímátù ta gbogbo ìgbín rẹ̀, ó sì wó àgọ́ náà, torí kò rò pé òun tún ń padà bọ̀.

Àpótí gíláàsì ńlá kan ló bá ní pálọ̀ ọmọ, omi kún inú rẹ̀, iná búlúù ń tàn lórí rẹ̀. Safwan kò tíì láya. Omi yẹn laya, òun náà lọmọ. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá ti kí ìyá rẹ̀ tán, ìdí omi ló kù. Bí ìyá bá béèrè ohun tó ń dà sí i, á ní, "Kò lè yé yín, Màámi."

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹran òkun mẹ́ta dé, irú èyí tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì tó ń ṣí, tó ń padé bí ẹnu. Kílámù ló pè wọ́n. Láti ìgbà tó ti ra àpótí ló ti ń retí wọn. Bó ṣe kó wọn sómi, gbogbo wọn panu dé. Safwan jókòó tì wọ́n, kò jẹun. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí fóònù, ọ̀rẹ́ ní kó má fọwọ́ kàn wọ́n, ara wọn ò tíì mọlé ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ohun tí ìyá rí kò ju pé ọmọ òun ń banú jẹ́.

Nígbà tí Safwan lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, Mùsílímátù tìka bọ omi náà, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀! Kíá, ó kó wọn jáde, ó fi omi òjò ṣàn wọ́n, ó tẹ́ wọn sínú abọ́ omi òjò, ó sì já ewé ìbẹ́pẹ lé wọn lórí. Inú rẹ̀ dùn pé òun náà ti rí iṣẹ́ ṣe nílé ọmọ òun.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yanu. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Safwan. "Wá wò ó, ọmọ mi, wọ́n ti ṣí!"

Òkú kílámù ní í yanu bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún un?

Safwan ò pariwo. Ó ní, "Màámi, ẹ lọ kó ẹrù yín." Òun fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e padà wá sí Akanran, kò sì bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ń bí mi nínú títí dòní. Ṣé kò lè sọ fún un pé, "Ẹran òkun ni, omi iyọ̀ ló ń gbé"? Ọ̀rọ̀ yẹn ò pọ̀ jù fún ìyá tó fi ìgbín rán èèyàn níléèwé.

Nígbà Iléyá, Safwan pè lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀. Mùsílímátù bi í léèrè ìgbà tó máa wá mú òun.

"Màámi, mo ti ra àwọn mìíràn. Yàrá yín ló tutù jù nínú ilé, ibẹ̀ ni mo gbé omi náà sí."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kí Ọlọ́hun dá wọn sí fún ọ, ọmọ mi."