Adìwé Tó Gé Etí Ìwé Tirẹ̀

Àṣìṣe náà kò fẹ̀ ju ìka kan lọ. Ọjọ́ tí Adìwé parí ìtàn àròsọ rẹ̀ gan-an ló gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìgéwèé, tó sì gé etí rẹ̀ kó lè gún régé, bó ṣe máa ń gé ti gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tó ń sọ pé iná ló jó ìwé náà ṣì í sọ. Àwọn tó ní ìyàwó rẹ̀ ló dà á sómi tún jìnnà sí òótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí iná, kò sí omi. Ọwọ́ ọkùnrin náà ló gé e, ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ débi pé kì í bi orí léèrè mọ́ kó tó ṣe é.

Ilé iṣẹ́ ìdìwé náà wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé alájà kan, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì kọjú sí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ní títì. Bàtà nìkan lèèyàn ń rí láti ibẹ̀. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ tábìlì títí ó fi di èèpo kejì. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni irin tí wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kó lè gbẹ wà. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni ẹ̀rọ ìgéwèé wà, tó ga tó àyà, tó ní apá gígùn tí wọ́n máa ń fà wálẹ̀. Abẹ́ iná ni Ìyá Abẹ́rẹ́ máa ń jókòó sí, obìnrin tó ń fi òwú gán ìwé pọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán, nígbà táwọn yòókù bá jáde lọ jẹun, ni Adìwé máa ń kọ ìtàn rẹ̀. Orí ìwé tí àwọn atẹ̀wé ti bà jẹ́ ló ń kọ ọ́ sí: ojú kan á ní kàlẹ́ńdà tí àwọ̀ rẹ̀ dàpọ̀, ojú kejì á funfun. Ojú funfun yẹn ló ń lò, ó sì ń kọ ọ́ láti etí dé etí, nítorí ó máa ń dùn ún láti rí àyè tó ṣòfò lára tákàdá. Ojoojúmọ́ ló ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ fi àyè sílẹ̀ létí o. Ọ̀bẹ mi ò mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí tákàdá." Kò kìlọ̀ fún ara rẹ̀.

Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ wọ ilé ìwé, ó jáde, ó lọ sílé ọkọ, bàbá ṣì ń kọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò rí ojú ewé kan kà. Ó di ìgbà tó bá parí, ni ọkọ rẹ̀ máa ń wí. Obìnrin náà gbà, àmọ́ ó ní nǹkan kan tó ń retí nínú ìwé yẹn, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin wọn, wọ́n ti bí ọkùnrin kan. Obìnrin náà kò mọ ibi tó wà nígbà tó bí i. Wọ́n ti fi oògùn kùn ún lóorun. Kó tó lajú, ọmọ ti kú, wọ́n sì ti gbé e lọ. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló gba ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, òun nìkan ló rí ojú rẹ̀. Wọn ò ya fọ́tò. Láti ìgbà náà ni ìyá ọmọ ti ń béèrè pé ta ni ọmọ náà jọ. Ọkọ á ní, "Jẹ́ ká fi sílẹ̀." Nígbà tó ya, ó ní, "Màá kọ ọ́ sínú ìwé. Wàá kà á." Obìnrin náà kò béèrè mọ́. Ó ń dúró de ìwé.

Lọ́jọ́ tí Adìwé parí rẹ̀, ó fi bírò sílẹ̀, ó na ìka rẹ̀, ó ní, "Mo ti parí ẹ̀."

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ojú sókè. "Lóòótọ́, ọ̀gá? Mo rò pé a máa jọ fẹ̀yìn tì ni, àwa àti ìwé yẹn."

"Gán an fún mi."

"Lónìí kẹ̀? Ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀ ná, ẹ tì í pa. Ẹ jẹ́ kó tutù. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ wá kà á bí ẹni tó ń ka ti ọ̀tá yín."

"Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Àwọn tó ń kó ìwé wá bá wa náà ni. Àwọn tó bá sáré dì í lọ́jọ́ tí wọ́n parí ẹ̀, àwọn náà ló ń padà wá bẹ̀ wá pé ká tú u."

"Èmi kì í ṣe oníbàárà," ni Adìwé wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí obìnrin náà sọ tọ̀nà, kò sì sí ẹni tó yẹ kó tètè gbà á tó ọkùnrin yẹn. Ohun tí a kọ́kọ́ kọ kò tíì di ìwé. Ó yẹ kó sinmi, ó yẹ kí ẹni tó kọ ọ́ padà bá a pẹ̀lú ojú tutù, kó fa igi sí i, kó sì ní àyè tí yóò fa igi náà sí. Àmọ́ lójú ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ di ìwé, ohun tó bá ti parí ni wọ́n ń dì. Ìyá Abẹ́rẹ́ gán an. Adìwé fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi abala funfun bo ojú rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ ọ̀bẹ, ó fa apá ẹ̀rọ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Abala funfun yẹn ni kò jẹ́ kó rí ohunkóhun. Àgékù já bọ́ sínú àpò tó wà nísàlẹ̀, òun sì fẹ́ eruku kúrò lójú ẹ̀rọ. Ó wọ aṣọ pupa fún ìwé náà, ó tì í sábẹ́ irin kó lè gbẹ mọ́jú.

Láàárọ̀, kí Adìwé tó dé ibi iṣẹ́, ọkùnrin tó máa ń ra àgékù ìwé, tí wọ́n ń pè ní Alájẹkù, ti wá kó àwọn àpò lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Adìwé gbé ìwé délé. Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́, ó wọ jígí ojú rẹ̀, ó jókòó síwájú tábìlì. Ọkọ ní kó kà á sókè.

"'Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì lọ sí.'" Obìnrin náà dúró. "Bàbá wọn, ó lọ síbo?"

"Ka ohun tó wà níbẹ̀."

"Ohun tó wà níbẹ̀ náà ni mò ń kà. Ó lọ sí. Ó pin síbẹ̀. Àbí ẹ ò fẹ́ ká mọ ibi tó lọ ni? Wọ́n ní àwọn òǹkọ̀wé máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Adìwé gba ìwé náà. Ó wo ìlà àkọ́kọ́, ó wo èkejì. Ó ṣí àárín, ó ṣí ìparí. Gbogbo ìlà ló já sí etí bí ilẹ̀ tí omi ti wọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan ti lọ, níbòmíràn méjì ló lọ. Ó wọ bàtà, ó sì jáde.

Àgbàlá Alájẹkù wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Tákàdá ga níbẹ̀ ju orí èèyàn lọ. Alájẹkù fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga tí kò lẹ́yìn, ó ń mu tíì.

"Àgékù wo, ọ̀gá? Gbogbo ohun tí ẹ ń wò yìí, àgékù ni."

"Tàárọ̀ yìí. Bírò búlúù wà lára ẹ̀."

"Ha, ìyẹn ti wọ ẹ̀rọ. A ti fún un mọ́ra, a ti dè é, lọ́rì ti gbé e. Ó ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń pò ó di tákàdá tuntun." Ó wo ojú Adìwé, ó sì rò pé àwàdà lè ràn án lọ́wọ́. "Ẹ má ṣèyọnu. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, ẹ máa fi nu ẹnu."

Adìwé kò rẹ́rìn-ín. Ó rin àgbàlá náà yíká. Ní ẹsẹ̀ ògiri, níbi tí atẹ́gùn ti gbá ìdọ̀tí jọ sí, ó rí díẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Ó kà wọ́n: ni, rẹ̀, mọ́, lọ. Kò sí ìlà kan nínú gbogbo ìwé tí kò lè gba èyíkéyìí nínú wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ló dá a lábàá pé kí wọ́n jọ fi ọ̀rọ̀ tó sọnù padà. Òun á máa kà, ọkọ á máa sọ ohun tó kù, òun á sì kọ ọ́ sórí ìwé míì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

"'Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo inú yàrá, kò sì rí...'"

"Dúró ná," ni Adìwé wí.

"Ẹnikẹ́ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kò rí ẹnikẹ́ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni."

"'Ojú rẹ̀ pọ́n bí...' Ẹ̀jẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni."

"'Ó bú sẹ́kún bí ọmọ...'"

"Má sọ ọ́."

"Kékeré ni, àbí?"

Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn, ojú ewé lé ojú ewé. Kí ọkọ tó ronú kan ọ̀rọ̀, ìyàwó ti sọ ọ́, ó sì tọ̀nà. Obìnrin náà ń dunnú pé iṣẹ́ ń yá. Kò mọ ohun tó ń ṣe fún ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́ ni?" ni Adìwé béèrè níkẹyìn.

"Èmi kẹ̀? Mi ò kúkú jí i kà, Bàbá wọn. Ó kàn ń wá sí mi lẹ́nu ni."

"Tó bá ń wá sí ọ lẹ́nu láìkà á, kí ni mo wá ń kọ láti ọjọ́ yìí?"

Obìnrin náà bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó fi ìdí aṣọ nù ún, ó tún un wọ̀. Wọ́n ń bá a lọ nítorí ohun tó wà níwájú, orí ìwé tó dá lórí ọmọ tó kú, tí àwọn méjèèjì mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ohùn obìnrin náà yí padà. Ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àga onígi kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Obìnrin kan ń fọ ilẹ̀, ó ní kí ọkùnrin tó jókòó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì gbé e sókè títí obìnrin náà fi fọ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, kò rántí gbé e sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ìyàwó á dúró sí etí ìlà, á wo òkè, ọ̀rọ̀ kò ní wá sí i lẹ́nu. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ tó sọnù. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò lè rántí rẹ̀. Ibí nìkan ni ìwé náà ti jẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti sọnù jù.

"'Nọ́ọ̀sì náà jáde. Kò wo ojú mi. Ó ní kí n...' Ó ní kí ẹ ṣe kí ni?"

"Ó ní kí n mọ́kàn le."

"Irọ́ ni. Ìyẹn ni èmi náà ì bá fi sí i." Obìnrin náà fi ìka sí ìlà tó tẹ̀ lé e. "'Mo gbà á. Ó fúyẹ́. Mo ṣí aṣọ lójú rẹ̀, mo sì rí i pé ó jọ...'"

Ó dúró. Ọkọ rẹ̀ wo ìwé, ó wo tábìlì.

"Ta ló jọ, Bàbá wọn?"

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní ta ló jọ?"

Òótọ́ ni pé ó kọ ọ́. Ó rántí ọ̀sán náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọbìnrin wọn ni ojú ọmọ yẹn ti bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ó ti ṣe tán láti gbà pé òun kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú ọmọ náà padà wá, ó hàn kedere, òun sì kọ orúkọ ẹni tó jọ sílẹ̀ kíákíá, kò tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ojú náà tún pòórá. Ohun tó kù fún un kò ju pé ó mọ̀ pé òun kọ ọ́.

"Ẹ kàn sọ pé èmi ló jọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Màá gbà."

"Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

"Mo ní màá gbà."

"Èmi ò ní gbà."

Obìnrin náà pa ìwé dé. Wọn ò ṣí i mọ́ nínú ilé yẹn.

Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ tirẹ̀ nígbà tó gbọ́. Ó ní kó tún un kọ látòkè délẹ̀, kó ju gbogbo èyí tí ìyàwó rẹ̀ lè sọ láìkà á nù, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe nìyẹn, ọ̀gá. Wọn kì í tún tàtijọ́ lẹ̀." Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ká ní ó gbà á, bóyá ìwé kan ì bá wà lónìí. Adìwé ní, "Ọ̀rọ̀ kan ni mò ń wá. Mi ò wá ìwé mọ́." Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọn ò rí i níbi iṣẹ́.

Ó ti gbọ́ lẹ́nu Alájẹkù pé ẹrù ìwé máa ń pẹ́ ní àgbàlá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pò ó di tákàdá tuntun kó tó kàn án láti wọ inú omi. Ó tẹ̀ lé lọ́rì lọ síbẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó wọ inú àgbàlá, nítorí náà ó ní kí wọ́n gba òun síṣẹ́, wọ́n sì gbà á, nítorí ó lè fi ọwọ́ kan tákàdá kó sì mọ irú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ dúró dè é. Nígbà tó rí i pé ìdúró náà kò ní ibi tó máa já sí, ó kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nípasẹ̀ awakọ̀ kan pé kó máa bọ̀ wálé, pé màmá ní òun kò fẹ́ mọ ẹni tí ọmọ jọ mọ́. Awakọ̀ náà ní Adìwé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó dúpẹ́, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ìyẹn ni ìròyìn ìkẹyìn tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀. Ó wà ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣa ìwé ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pò ó, níbi tábìlì tó kángun sí fèrèsé, ó ń tú ẹrù.