Òróró Ìyàgbẹ́ Tí Wọ́n Rọ fún Bàbá Tìjání

Bàbá Tìjání, aránṣọ ìlú Ìlá, kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń lọ ṣe àlùwàlá mọ̀gáríbì, kò rí àtẹ̀gùn, ó ṣubú, ó fi imú gbá ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ya títí wọ́n fi gbé e sọ́kọ̀. Kò dá títí ó fi kú. Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn ru Ọlọ́run.

Òun ló rán ṣòkòtò tí mo kọ́kọ́ wọ lọ sílé-ìwé. Ó ká etí rẹ̀ wọnú nígbà mẹ́ta, ó ní: "Bí o bá ṣe ń ga, ìyá rẹ á máa tú u sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún gbogbo ọmọ tálákà àdúgbò wa. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ó sin láìbéèrè ohun tó pa á?

Lọ́dún tó kọjá, ìyẹn 1976, inú ń dì í. Ilé ìgbòògùn Ọ̀gbẹ́ni Adébóyè fún un ní òróró ìyàgbẹ́ kan tó mọ́ gaara bí omi. Oògùn ọ̀sẹ̀ kan ni, oṣù mẹ́wàá ló fi mu ún! Níbẹ̀, ẹ ò ní láti mú aláìsàn wá. Ẹ sáà gbé ìgò òfìfo wá, wọn á rọ òmíràn sí i. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń gbé ìgò lọ. Nígbà tí òróró náà kò ṣeé gbé mì lásán, ó ń pò ó mọ́ ẹ̀fọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Dókítà kan ti wá là mí lóye. Inú ọ̀rá oúnjẹ ni fítámì ojú àti fítámì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ń gbà wọ ara. Òróró yìí kì í wọ ara rárá; bó bá bá wọn pàdé nínú ìfun, á kó wọn jáde. Wọn kì í mu ún mọ́ oúnjẹ, wọn kì í sì í mu ún pẹ́. Ta ló sọ ọ́ fún Àṣàkẹ́? Gbogbo epo pupa àti ẹ̀fọ́ tó ń sè, ṣáláńgá ló ń jẹ ẹ́.

Àmì sì wà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bàbá kì í ríran mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, ẹ̀jẹ̀ á ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Àṣàkẹ́ sọ fún Adébóyè.

"Ìyá, ọjọ́ ogbó ni. Ẹ gbé ìgò yín wá."

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Adébóyè! Ṣé ogbó ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá? Ìgò lẹ ń tọ́jú, ẹ ò fojú kan aláìsàn.

Mo lọ kí Àṣàkẹ́ lánàá. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, èmi ni mo pa á. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pò ó."

Mo sọ fún un títí pé kì í ṣe òun, kò gbà mí gbọ́. Ọjọ́ kẹta rèé tí kò fẹnu kan oúnjẹ. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìlera, ẹ wá yẹ ìwé ilé ìgbòògùn yẹn wò. Ta ló ní kí wọ́n máa rọ òróró láìrí aláìsàn? A fẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí olónìí, kó tó pẹ́ jù, ẹ kọ́kọ́ mú Adébóyè lọ síwájú opó yẹn. Kó dọ̀bálẹ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ wí fún un pé: "Ìyá, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni."