Ẹni Tó Bọwọ́ Kí Eré Tó Parí

"Má kọjá níwájú mi, ó ti ju bọ́ọ̀lù sókè."

Mo dúró sójú kan, tèmi ti kẹ́tùlù omi gbígbóná lọ́wọ́, títí ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n fi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tán. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wà nínú bàsíà omi oníyọ̀, ike òrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Aṣọ iṣẹ́ wọn tó wà lára ìṣó ń rùn bíi ṣúgà tó fẹ́ jóná, nítorí ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni wọ́n ń lọ láràárọ̀. Láti ẹ̀yìn ògiri, à ń gbọ́ bí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ṣe ń hanrun. Bọ́ọ̀lù á dún pó, Bàbá á hanrun, bọ́ọ̀lù á tún dún pó. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìró tẹ́níìsì níbikíbi, etí mi a máa retí ìhanrun tó yẹ kó tẹ̀lé e.

Ìhanrun yẹn gan-an ló sọ ìyá àgbà mi di olólùfẹ́ tẹ́níìsì. Ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá là ń gbé, lẹ́yìn Dòpémú. Díṣì kan ṣoṣo ló wà lórí òrùlé, dikódà rẹ̀ sì wà ní pálọ̀ Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n fa wáyà láti ibẹ̀ wọ yàrá àwa ayálégbé, tó fi jẹ́ pé ohun tí Bàbá bá ń wò ni gbogbo ilé ń wò. Alàgbà ni wọ́n ní ìjọ aláṣọ funfun kan, fíìmù kì í sì í dùn mọ́ wọn nínú. Tí ọkọ bá ti gbọ́wọ́ sókè báyìí pé òun fẹ́ gbá ìyàwó létí, wọ́n ti yí i kúrò, a ò ní mọ bóyá ó gbá a tàbí kò gbá a. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á gbé e sí ibi eré ìdárayá, oorun á sì gbé wọn lọ pẹ̀lú rìmóòtù láyà wọn. Ta ló tó lọ mú rìmóòtù láyà lánlọ́ọ̀dù?

Nígbà bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn ò dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí líìgì bá ti parí, tí òjò oṣù kẹfà ti wọlé, tẹ́níìsì orí koríko ló máa ń kù. Àwọn ọkùnrin ilé á pòṣé, wọ́n á jáde lọ jókòó níta. Ìyá àgbà nìkan ni kò lè jáde. Wọ́n ti dúró láti àárọ̀ nídìí bẹ́líìtì tó ń gbé bisikíìtì kọjá, wọ́n ń kó o sínú páálí, ẹsẹ̀ wọn sì ti wú. Nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó, títí ó fi wọ̀ wọ́n lára.

"Koríko tó tẹ́jú báyìí," wọ́n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "wọn ò ní ewúrẹ́ ládùúgbò yẹn ni?" Nígbà tí mo sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á fún wọn, wọ́n mi orí. "Ẹni tó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó ka ọgbọ̀n, tó wá fò ó sí ogójì. Ẹni tó bá kà báyẹn lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á gba igbá lórí ẹ̀."

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n yàn láàyò. Orí rẹ̀ ti ń pá níwájú, ó sì máa ń fi báńdéèjì di orúnkún ọ̀tún. Ìyá àgbà náà ní orúnkún ọ̀tún tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi àkísà gèlè dì. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé ọkùnrin náà ti darúgbó nídìí eré yẹn, pé ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún.

"Ọgbọ̀n ọdún," ni Ìyá àgbà wí. "Kí ni wọ́n á wá pe èmi?"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Arúgbó mi. Bí Arúgbó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, a kì í dáná, a kì í gbálẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá ata lọ́wọ́ wa á dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun kan wà tí a ò mọ̀. A rò pé ìdíje tí à ń wò yẹn ni gbogbo rẹ̀. Bí oṣù kẹfà bá ti ń parí lọ, owó tí Bàbá san sórí dikódà a máa tán, á sì kú. Wọn kì í sì í san òmíràn títí líìgì á fi bẹ̀rẹ̀, nítorí lójú tiwọn, kò sí ohun tí ẹnì kan fẹ́ fi ṣe láàárín. Tẹlifíṣọ̀n á dúdú, Ìyá àgbà á kó bàsíà wọn, wọ́n á ní, "Ó tún di ọdún tó ń bọ̀." Lọ́kàn tiwọn, àwọn oníbọ́ọ̀lù náà ti lọ sílé lọ sinmi.

Ọdún tó ń bọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì lẹ́nu wọn. Káṣúà ni wọ́n níbi iṣẹ́ wọn: lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà wọ́n síṣẹ́, lójoojúmọ́ náà ni wọ́n lè ní kí wọ́n máa lọ. Ó ti pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣèlérí pé àwọn á sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ gidi, tó ní owó ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n á máa tọ́jú tó bá ṣàìsàn. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ṣì ń wí. Ìyá mi, tó ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, a máa pè lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀." Ìyá àgbà á dáhùn pé, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Nígbà tó wá ku díẹ̀ yìí lo fẹ́ kí n kúrò?"

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé bí wọ́n bá ń dúró bẹ́ẹ̀ lọ, orúnkún yẹn ò ní ká mọ́ láé. Ìrora kọ́ ló sì ń dun Ìyá àgbà jù. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Bó bá kan ìforíkanlẹ̀, wọ́n á tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga, wọ́n á dúró síbẹ̀, ilẹ̀ á sì wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an: "Mo ń dúró fún bisikíìtì láti àárọ̀ dọ̀sán, mi ò wá lè forí kanlẹ̀ fún Ẹni tó dá mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, bí mo tilẹ̀ kéré.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lóṣù kẹfà, Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ò sùn. Eyín ń dùn wọ́n. Wọ́n gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń bá wa wo Arúgbó. Arúgbó ń gbá a dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ti gba apá àkọ́kọ́, ó sì ń sáré bí ọmọdé, inú Ìyá àgbà ń dùn, wọ́n ń ta omi bàsíà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fò mú bọ́ọ̀lù kan, ó balẹ̀, ó sì dúró. Ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Kò jókòó, kò ké. Ó kàn rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sídìí àwọ̀n, ó na ọwọ́, ó bọ ẹni tí wọ́n jọ ń gbá a lọ́wọ́, ó bọ rẹfirí tó wà lórí àga gíga lọ́wọ́. Ó ń kó rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú àpò.

"Kí ló ń ṣe?" ni Ìyá àgbà bi wá.

"Ó ti dá a dúró, Ìyá Oníbisikíìtì," Bàbá Lánlọ́ọ̀dù dáhùn.

"Ṣebí òun ló ń borí. Ta ló lé e?"

"Kò sẹ́ni tó lé e."

"Ẹni tó ń borí, tí ẹnikẹ́ni ò lé, ló ń dìde lọ. Wọn ò ní fìyà jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un." Lóòótọ́, àwọn èèyàn ti dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá rọra yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà sí wa. "Wọ́ọ̀mọ́ọ̀pù lèyí, Ìyá. Wọ́n kàn ń fi nara ni. Ìdíje gan-an ṣì ń bọ̀ níwájú. Ó mọ̀ pé tóun bá lo ẹsẹ̀ yẹn tán síbí, kò ní dé ọ̀hún."

"Èyí kọ́ ni gan-an?"

"Èyí kọ́."

"Láti ìgbà tí mo ti ń wò ó?"

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń wò ó, ìmúrasílẹ̀ lẹ̀ ń wò."

Inú bí wọn. Mo rí i. Wọ́n bínú sí Bàbá, wọ́n bínú sí dikódà, wọ́n bínú sí Arúgbó jù lọ. "Mo wá ń gbààwẹ̀ ẹnu nítorí ìmúrasílẹ̀," ni wọ́n wí. Omi inú bàsíà tutù, wọn ò ní kí n pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò ìrun Aláàsárì, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, mo ń fọ aṣọ ilé ìwé mi lẹ́bàá kànga nígbà tí mo rí Ìyá àgbà tí wọ́n ń bọ̀, tí ọ̀sán ò tíì pọ́n. Wọ́n ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Abọ́ oúnjẹ wọn àti sálúbàtà tí wọ́n máa ń fi síbi iṣẹ́ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n ti lé wọn.

"Ẹnikẹ́ni ò lé mi," ni wọ́n sọ kí n tó bèèrè. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù jáde síta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti wú, pákò wà lẹ́nu wọn. Ìyá àgbà jókòó sórí pèpéle, wọ́n sọ bó ṣe lọ. Wọ́n ti lọ bá súpáfáísọ̀ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń pè wọ́n ní Màmá tó sì máa ń lé wọn bí ewúrẹ́, wọ́n sì na ọwọ́ sí i.

"Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó rò pé mo ń tọrọ nǹkan ni. Mo ní, bọ̀ mí lọ́wọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Ló bá bọ̀ mí lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà, wọ́n gba ìdí bẹ́líìtì kọjá, wọ́n ń bọ àwọn obìnrin yòókù lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bisikíìtì ń já bọ́ sílẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó ń mú un. "Wọ́n ń sọ pé, Màmá, ó mà ku díẹ̀ o, wọ́n ní ọdún tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi ṣá."

Wọ́n fi ẹ̀rín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò délẹ̀. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù yọ pákò lẹ́nu, wọ́n tì í bọ àpò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Èmi náà nu ọṣẹ lọ́wọ́, mo bá wọn pa á. Àwa méjèèjì péré la wà níbẹ̀, lẹ́bàá kànga, tí à ń pàtẹ́wọ́ fún obìnrin tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Lọ́dún yẹn, dikódà Bàbá ò kú. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ọkùnrin ilé sì ń kùn. A wo ìdíje ńlá náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n na Arúgbó, ìyà ńlá ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Mo wo ojú Ìyá àgbà, mo rò pé wọ́n á bínú.

"Ó kúkú fẹsẹ̀ ara ẹ̀ débẹ̀," ni wọ́n wí.

Ìgbà tó tẹ̀ lé e ò rọrùn. Ìyá mi ń fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, Ìyá àgbà sì ń jókòó ta ọṣẹ àti kànrìnkàn níwájú ilé. Ọ̀pọ̀ ìgbà la jẹ gàárì láìní ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n wíwú ẹsẹ̀ wọn ń lọlẹ̀, wọ́n ń fi òrí pa á, wọ́n ń na orúnkún yẹn, wọ́n ń ká a díẹ̀díẹ̀. Òwúrọ̀ kan, nígbà ìrun Àsùbá, mo jí nítorí mi ò gbọ́ ìró àga. Orí ẹní ni wọ́n wà. Mo gbọ́ bí egungun wọn ṣe dún bí wọ́n ṣe ń lọ sílẹ̀, mo sì rí i tí iwájú orí wọn kan ilẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo dìde jókòó. Nígbà tí wọ́n gbé orí sókè, omijé ń ṣàn lójú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi sunkún.

Orí ẹní yẹn ni wọ́n ti ń kírun títí wọ́n fi fi wá sílẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù nídìí bẹ́líìtì dúró. Mi ò gbọ́ rí pé ọdún tó ń bọ̀ náà dé.

Èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìkẹjà báyìí, nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di oògùn sínú páálí. Wọn kì í pè wá ní káṣúà mọ́, kọ́ńtíráàtì ni wọ́n ń pè wá, orúkọ ni wọ́n pààrọ̀. Ó rẹ̀ mí. Ó ń rẹ̀ mí láti àárọ̀, kí n tó jáde nílé l'Ọ́gbà rárá. Bí oṣù kẹfà bá dé, mo máa ń wo ìdíje ìmúrasílẹ̀ yẹn lórí fóònù nígbà oúnjẹ, mo sì máa ń dín ohùn rẹ̀ kù kí n lè gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nìkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa pè wá jọ, ó ní ká ní sùúrù, pé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n á sọ wá di òṣìṣẹ́ gidi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọbìnrin kan tó ń borí nínú fóònù mi dúró, ó di itan rẹ̀ mú, ó sì rìn lọ sídìí àwọ̀n. Àwọn tí a jọ ń jẹun pòṣé, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ fún un, gbogbo wọn sì ń wò mí.

Mi ò tíì bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé, ilé ń gba owó. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́ tí mo bá délé, mo máa ń kúnlẹ̀ sórí ẹní Ìyá àgbà, mo máa ń wò ó bóyá orúnkún mi ṣì ń ká. Ó ṣì ń ká. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀, mo mọ ọ̀nà tó lọ sídìí àwọ̀n.