Ìkúnlẹ̀ Mi Lórí Fóòmù

Òórùn fóòmù tó ti mu òógùn ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo mú ọmọ mi lọ kọ́ kàráté ní Ìbà, mo bá padà di ọmọ ọdún méje.

Bọ́ọ̀lù ni bàbá mi fẹ́ fún mi, torí n kì í jókòó jẹ́ẹ́. Màmá mi kọ̀ jálẹ̀: "Kàráté tí ọmọ lánlọ́ọ̀dù ń kọ́ yẹn ni tèmi náà máa kọ́."

Olùkọ́ ní kí èmi àti ọmọ lánlọ́ọ̀dù kí ara wa ká tó jà. Ọmọ náà jù mí lọ, mo bá kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọbìnrin nílé wa. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ṣubú gbì! Ìró yẹn ṣì ń dùn mọ́ mi.

"Tún un ṣe!" Màmá mi ló ń pariwo.

Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ìyá ọmọ náà ti gbá màmá mi létí rí lójú gbogbo ayálégbé.

Mo tún un ṣe.