Ọjọ́ Tí Mo Fi Omi Iyọ̀ Gbẹ̀san Ẹ̀wà Mi

Èmi ni mo pa gbogbo ẹ̀wà tí kíláàsì wa gbìn sínú agolo, n kò sì lè gbàgbé ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé kan ní àdúgbò Gbossimé.

Olùkọ́ wa ti agolo tèmi nìkan mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí gbogbo wa lè rí bí òkùnkùn ṣe ń ṣe ewéko. Nígbà tó gbé e jáde, ẹ̀wà mi ti funfun, ó ti dojú bolẹ̀. Àfí, ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó, rẹ́rìn-ín: "Tìẹ ti kú, lọ sin ín."

Lọ́jọ́ kejì, mo po iyọ̀ mọ́ omi, mo bù ú sí gbogbo agolo yòókù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, gbogbo wọn ti rọ. Mo sọ fún Àfí pé, "Òkú rèé, ó yá, máa sin wọ́n."

Ó lọ fẹjọ́ mi sun Màdáàmù, ọ̀gá ilé-ìwé. Màdáàmù ní a ó tún ẹ̀wà gbìn lọ́jọ́ Ajé, èmi ni n ó sì máa bomi rin gbogbo rẹ̀.

Ojú Àfí yí padà. "Màdáàmù, òun kẹ̀ ni yóò máa bomi rin tèmi?"

"Òun náà ni," ni Màdáàmù dáhùn.