Ìgbín Òkun Méjìlá Tí Mo Fi Álọ́ọ̀mù Fọ̀

Ẹnu ìgbín kékeré kan ló kó sí mi lórí. Mo dúró níwájú àpótí gíláàsì olómi òkun ní ilé ìtura kan lẹ́yìn bodè, lọ́nà Kútọnu, mo ń wo bí ẹnu náà ṣe ń ṣí, tó ń pa dé, tó ń ha gíláàsì. Ibi tó bá ti kọjá á mọ́ kedere, bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Ọkùnrin tó ń tọ́jú àpótí náà rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ọ̀gá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín ń gun igi o." Mi ò gbọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ra ẹja méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Pálọ̀ bàbá mi ní Ìlaró ni mo gbé àpótí tèmi sí. Kò pé oṣù kan tí gíláàsì fi di aláwọ̀ ewé, tí omi sì ń rùn. Bàbá mi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì, tó máa ń pè mí ní Tíṣà, fi ọ̀pá kan àpótí náà. "Tíṣà, ẹja tí a ò ní jẹ, ṣé òórùn rẹ̀ la ó máa jẹ ni? Bí omi yìí ò bá mọ́ kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, màá dà á nù tòun tẹja."

Mo sáré lọ sí etí òkun láti ṣa ìgbín tí yóò ha gíláàsì náà. Kò sẹ́ni tó lè yan ìgbín tó mí. Mo dojú ọ̀kọ̀ọ̀kan dé sínú abọ́ olómi òkun, èyí tó bá fúnra rẹ̀ yí pa dà ni mo mú. Mo fi èékánná kan ìdérí ẹnu wọn, èyí tí kò bá tètè pa á dé, mo jù ú nù. Mi ò mú akàn kankan, torí akàn á pa ìgbín jẹ. Méjìlá ni mo gbé wálé.

Ṣùgbọ́n ara wọn ń yọ̀. Nílé wa, ìgbín kì í wọ ìkòkò láìjẹ́ pé a fi álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́. Màmá ti kọ́ mi láti kékeré. Mo fọ̀ wọ́n títí wọn ò fi yọ̀ mọ́. Wọ́n ń hó lọ́wọ́ mi, mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde.

Nígbà tí mo kó wọn sínú àpótí, kò sí èyí tó gun gíláàsì. Mo ní wọ́n ń sinmi ni. Fún ọjọ́ méjì, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n sì jẹrà sínú omi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹja kan ti kú, èkejì ń mí gúlegúle.

Mo jẹ́wọ́ álọ́ọ̀mù fún Bàbá. Màmá fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Bàbá ní, "O ti fọ̀ wọ́n tán. Ata ló kù."

Ó da omi náà sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹja kejì ṣì ń mí nígbà tí adìẹ gbé e.

Ayétòrò ni mò ń gbé báyìí, mo sì ti ní àpótí mìíràn. Mi ò fọ ìgbín mọ́. Omi inú àpótí ni mò ń kán sí wọn lára díẹ̀díẹ̀, kó lè mọ́ wọn lára, kí n tó gbé wọn wọlé. Bàbá ti darúgbó, ó ti gbàgbé ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé èyí. Láàárọ̀ yìí ó tún pè mí lórí fóònù: "Tíṣà, ṣé wọ́n ti jinná?"

Mo wo gíláàsì, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Oṣù kọkànlá rèé tí mo ti kó wọn wá.

"Mẹ́sàn-án ni mo kó síbẹ̀, Bàbá. Mẹ́sàn-án náà ló wà."