Olùdámọ̀ràn Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi nínú grúùpù yìí, inú ilé tí wọ́n tì mọ́ mi ni mo ti ń tẹ èyí.

Torí kí ẹnikẹ́ni má baà dá mi mọ̀ ni mo ṣe kúrò ní Iléṣà wá bá olùdámọ̀ràn kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Nọ́ọ̀sì ni màmá náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà já lu ọ̀rọ̀ wa.

Mo sọ gbogbo ẹ̀: bí ọkọ mi ṣe ń lù mí, àti pé mo ti ń kó ẹrù mi jáde díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n fún mi lómi. "Ọmọ ibo ni ọkọ ẹ?"

"Ìmẹ̀sí-Ilé ni, mà."

"Ọmọ ta ni níbẹ̀?"

Àgbà ló béèrè, mo dáhùn. Mo dárúkọ ìyá ọkọ mi.

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ọmọ ìyá mi."

Wọ́n ní kí n má dìde. Wọ́n mú fóònù wọn wọ yàrá inú lọ. Mo ti gbọ́ orúkọ ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ rò pé wọ́n ń pè?